Wàrà Tí Tegid Fi Sílẹ̀

Aago mẹ́rin ìdájí ni òkun ń fà sẹ́yìn lọ́sẹ̀ yẹn.
Kò béèrè bóyá a ti sùn.
Mo gbé bàtà rọ́bà mi lọ́wọ́,
mo rọra kọjá lẹ́nu ilẹ̀kùn Tegid
kí pákó kẹta má baà ké.
Pákó ké. Ohùn kan jáde láti abẹ́ aṣọ ìbora:
"Nerys, bá mi kí àwọn ekòló."

Iṣẹ́ àṣekágbá mi nìyẹn, ekòló inú ẹrẹ̀.
Igi mẹ́rin tí mo kàn pọ̀, mítà kan níbùú, mítà kan lóòró,
mo gbé e lélẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀, mo ń kà.
Mọ́kànlélógójì. Mọ́kàndínlógún. Òfo.
Ìka mi kú, pẹ́ńsùlù kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́.
Bí mo bá gbójú sókè, òkè kò sí níbẹ̀,
ìkùukùu ti gbé e mì látòru,
ó ku ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan,
bí ẹni tó daṣọ borí sùn tó gbàgbé ẹsẹ̀ síta.

Yunifásítì wa kéré. Bí o bá sín ní yàrá ìkàwé,
ẹni tó ń ta tíì nísàlẹ̀ á ní "pẹ̀lẹ́".
Ẹ̀yìn wa òkè, iwájú wa òkun,
ààrin méjèèjì ni ojú irin, ilé ọtí mẹ́ta,
àti ẹyẹ òkun kan tó ti jí búrẹ́dì gbogbo wa jẹ.
Àwa mẹ́fà là ń pín ilé ìdáná kan.
Kálukú kọ orúkọ sára wàrà rẹ̀ nínú fíríìjì.
Tegid nìkan ló kọ ọ́ báyìí:
"Tèmi ni, àmọ́ bí òùngbẹ bá ń gbẹ ọ́, mu."

Òkúta ló ń kọ́.
Á ṣa ọ̀kan lẹ́bàá ọ̀nà,
á sọ ọjọ́ orí rẹ̀ fún ọ bí ẹni ń sọ ti àbúrò rẹ̀.

Nínú oṣù Èrèlé, fóònù rẹ̀ dún níbi tó ti ń dín ẹyin.
Èdè Wẹ́ẹ̀ṣì ni wọ́n fi sọ ọ́, kò sì gùn.
Bàbá ti ṣubú lórí yìnyín, ìbàdí ti yẹ̀,
àgùntàn sì ti ń múra àtibí.
Ó di ẹrù sínú àpò méjì,
ó fi àwọn òkúta rẹ̀ sílẹ̀ lójú fèrèsé.
"Ẹ má dágbére fún mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta di mẹ́jọ.
Wàrà rẹ̀ kan, ó dì, ó di ohun tí kò lórúkọ
yàtọ̀ sí orúkọ tó wà lára rẹ̀.
A ò rí ẹni tó lè dà á nù.
Wọ́n ní ní kíláàsì òkúta, Ọ̀mọ̀wé Eluned pè é lẹ́ẹ̀mejì,
ó wo òkè lójú fèrèsé,
ó ní, "Ó wà níbẹ̀," ó sì sàmì sí i.

Mo ti rò pé okun ara ló ń gbé ni kọjá ilé ìwé.
Òkun ń fà níhìn-ín, òkè ń fà lọ́hùn-ún,
okùn lọmọ ènìyàn,
ibi tó bá ti ta kókó là ń pè nílé.
Mo kọ ìyẹn sẹ́yìn ìwé mi. Ojú tì mí, mo pa á rẹ́.

Ìparí oṣù Ẹ̀bìbì, kíkà ìkẹyìn.
Mo ti ka mẹ́tàlélọ́gbọ̀n nígbà tí mo gbọ́ súfèé.
Àgùntàn! Wọ́n ń dà gìrìgìrì wá sídìí koríko oníyọ̀,
ajá kan lápá ọ̀tún, ajá kan lẹ́yìn,
Tegid láàárín, irùngbọ̀n ti bò ó, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti yi.
Kò kí mi.
Ó wo ẹrẹ̀, ó ní, "Mélòó?"
Kí n tó dáhùn, ọ̀dọ́ àgùntàn kan ti kó sáàárín igi mẹ́rin mi,
ó dúró síbẹ̀, ó ń wò mí bí ẹni tó sanwó ilé.
"Kọ ọ́ sílẹ̀," ló wí.
"Ekòló mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, àgùntàn kan."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀.
Ó ṣì wà nínú ìwé náà, lójú ewé kejìdínláàádọ́rin.
Olùkọ́ mi fi gègé pupa fàlà sí i nídìí,
kò pa á rẹ́.